Fíìmù Yín Pa Wọ́n Lẹ́rìn-ín ní Oníkan

Ilé Rájí,
Lafiaji, Èkó.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù alékun. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ọlọ́hun á jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ara Màmá le lọ́dọ̀ mi níbí, wọ́n sì ń jẹun dáadáa. Ẹ ti ní kí ẹnikẹ́ni má pè yín nítorí fíìmù tí ẹ ṣe yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n fi í hàn ní Oníkan lọ́jọ́ Sátidé, èrò sì kún gbọ̀ngàn náà.

Ẹ̀rù bà mí kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo rántí bí àwọn oníwèé ìròyìn ṣe bẹnu àtẹ́ lù ú nígbà tó kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ní ẹ kó òpònú jọ sábẹ́ igi àgbọn, lẹ wá ń pè é ní eré. Láti ìgbà náà lẹ ò ti fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́. Màmá alára fi ìborùn bojú, wọ́n jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Sàdíátù, bí wọ́n bá ti hó lé e lórí, ká máa lọ."

Nígbà tí télọ̀ inú fíìmù yẹn gúnlẹ̀ sí erékùṣù, tó pe ara rẹ̀ ní dókítà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tó fa téèpù tó fi ń wọn aṣọ yọ, tó fi wọn ikùn ọba ibẹ̀, tó ní, "Kábíyèsí, àìsàn yín fẹ̀ gan-an." Háà! Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà kan ń fọwọ́ lu àga. Láti ibẹ̀ lọ, wọn ò sinmi mọ́.

Lẹ́yìn náà, Mojísọ́lá dìde, obìnrin tó ń kọ̀wé nípa fíìmù sínú ìwé ìròyìn. Òun ni mò ń bẹ̀rù jù. Ó ní, "Àwọn tó kọ̀wé nígbà náà rò pé àwọn ará erékùṣù ni fíìmù yìí fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa gan-an ni, àwa tá a máa ń gba ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ kóòtù gbọ́." Ó wá béèrè bóyá ẹni tó ṣe é ṣì wà. Kí n tó lanu, Màmá ti ṣí ìborùn, wọ́n ní, "Wọ́n ń bẹ láàyè. Ọkọ mi ni." Bàbá, ṣe ni gbogbo èrò dìde, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Wọ́n fẹ́ tún fi í hàn lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ wá. Mi ò ní fipá mú yín. Mo kàn fẹ́ kí ọkàn yín fúyẹ́ ni.

Ọlọ́hun á lọ́ra ẹ̀mí yín, á fi ìrọ̀rùn sí ẹsẹ̀ yín, ojú yín á sì máa rí ohun ayọ̀. Àmín.

Èmi ni ọmọbìnrin yín,
Sàdíátù

Ẹ tún gbọ́ o: Mo gba ẹ̀rín wọn sórí fóònù, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí Sùrájù àbúrò mi. Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ kí ẹ gbọ́. Èyí tó borí gbogbo ẹ̀rín yòókù, Màmá ló ni ín.