Ojú Tuntun fún Kọ̀ǹpútà Bàbá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Fẹ́búárì 2024
Dókítà ní ojú Bàbá kò ní í padà bọ̀ sípò. Èyí tó ṣẹ́ kù la ó máa ṣọ́. Láti ilé ìwòsàn ní Ìdó, a padà sílé ní Òyé. Bá a ṣe wọlé ló ní kí n bá òun jí kọ̀ǹpútà àtijọ́ òun dìde, òun fẹ́ kọ nípa ikú ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà. Àìsàn ni, gbogbo ẹbí ló ń wí bẹ́ẹ̀. Bàbá nìkan ni kì í wí nǹkan kan.

“Ẹnu mi kò lè sọ ọ́, Sẹ̀kí. Ọwọ́ mi á kọ ọ́ kí ààwẹ̀ tó dé.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Fẹ́búárì
Wíńdòsì tó ń gbé kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ ti wúwo jù fún un. Mo yọ ọ́, mo fi Línọ́ọ̀sì sí i. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì jẹ́ kéèyàn yan ojú tó wù ú fún un — ibi tí nǹkan máa wà, bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó. Mo yan èyí tó fúyẹ́ jù. Àwòrán eku wà ní igun rẹ̀, torí náà Èkúté lorúkọ tí mo sọ ọ́. Bí Bàbá bá ti tẹ F9, ìwé rẹ̀ á ṣí, á sì máa tọ́jú ohun tó bá kọ pa mọ́ fúnra rẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹyọ ìrẹsì kan mọ́ orí bọ́tìnnì náà kí ìka rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ìka Bàbá kò nílò ojú. Iṣẹ́ táípù ló ṣe ní Ìkọ̀lé títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Jímọ̀, 23 Fẹ́búárì
Ó kọ ìlà mẹ́ta. Mi ò gbọdọ̀ kà á títí yóò fi parí.

Ọjọ́ Ajé, 26 Fẹ́búárì
Ó ní lẹ́tà kéré, òun kò rí ohun tí òun ń kọ. Mo gbé Èkúté kúrò, mo gbé òmíràn wọlé: Àtẹ́lẹsẹ̀, torí àmì ẹsẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń mí gúlegúle.

Joy, tá a jọ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, ní kí n dá Èkúté padà, kí n kàn sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá. Ó ní a kì í yí àga padà nínú yàrá afọ́jú. Inú bí mi. Bàbá mi kì í ṣe afọ́jú.

Ọjọ́bọ̀, 29 Fẹ́búárì
Àtẹ́lẹsẹ̀ kú mọ́ Bàbá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Máàṣì
Mo rí i! Ojú kẹta — Pátákó. Ó dúdú bí pátákó ilé-ìwé, lẹ́tà funfun gàdàgbà-gàdàgbà. Mo yangàn fún Joy. Bàbá kọjú sí i, ó pẹ́. Ó ní ó dára, ọmọ òun, ó dára gan-an.

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì
Ọjọ́ mẹ́ta rèé tó ti ń tẹ̀ ẹ́, láti àárọ̀ títí di Àsárì. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. Mi ò wọlé tọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Máàṣì
Ààwẹ̀ lọ́la. Bàbá ní òun ti parí, kí n wá kà á níwájú òun.

Mo tẹ F9. Kò sí nǹkan kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Mo gbàgbé láti kọ́ Pátákó ní F9. Mo wá ìwé náà kàn fúnra mi. Ìlà mẹ́ta, ti 23 Fẹ́búárì:

Sẹ̀kínát, àìsàn kọ́ ló pa ìyá rẹ.
Mo mọ̀, mo sì dákẹ́.
Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà oko Orin lọ́jọ́ náà ni pé

Ibẹ̀ ló parí sí. Gbogbo èyí tó kù, afẹ́fẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ sí. Mo gbójú sókè. Ògiri ni Bàbá kọjú sí, ó rò pé èmi ni. Ojú rẹ̀ ti lọ tán, kò sì sọ fún mi.

“Ṣé o ti ka ùwé ọ̀ún tán?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó ti kúrò lára mi. Má jẹ́ n tún un sọ láé. Ṣé o foríjì mí?”

Ẹyọ ìrẹsì yẹn wà lábẹ́ ìka mi. Mo ní mo foríjì yín, Bàbá. Ó bú sẹ́kún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní kí n bá òun bu omi àlùwàlá.

Mo bù ú wá. Mi ò mọ ohun tí mo foríjì í.