Aṣọ Tó Jáde Bí Ewé

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, àárò yín ń sọ wá. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn ọmọ pé àbúrò ìyá wọn ṣì ni ọkùnrin tó dáa jù ládùúgbò. Orúnkún Màámi ti sàn. Wọ́n ti lè gun àtẹ̀gùn wá bú mi lókè.

Àǹtí, iṣẹ́ awakọ̀ tẹ́ ẹ bá mi wá lọ́dọ̀ yín, mi ò wá ṣe é mọ́. Ẹ má tíì bínú, iṣẹ́ aró ni mo fẹ́ máa ṣe.

Màámi fún mi láṣọ funfun wọn kan pé, "Tó o bá bà á jẹ́, di ẹrù ẹ, máa lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ." Mo fi òwú dì í káàkiri, mo rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì aró. Nígbà tí mo fà á jáde, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé tútù! Màámi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọ̀gá aláró, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ni atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án o, Àǹtí, àmọ́ ó ń di búlúù lójú wa, ó ń dúdú sí i. Mo tú òwú, òrùka funfun yọ káàkiri bí òṣùpá. Màámi ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní ọpọlọ mi ni.

Ẹ fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ mi ti di búlúù dé ìgbọ̀nwọ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín fún wa. Màámi ìbá kí yín fúnra wọn, àmọ́ wọ́n ti wọ aṣọ náà, wọ́n wà lójúde, wọ́n ń sọ fún télọ̀ tó ń kọjá pé ọmọ àwọn ló ṣe é.

Àbúrò yín