Àga Iwájú Kíláàsì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Dúró-Sọ-Ọ́

Ọdún 1951 ni wọ́n bí màmá wa, olóògbé tí a péjọ torí wọn lónìí, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé tí bàbá wọn ti ń to lẹ́tà. Ìyá wọn ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan náà. Láàárín ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ìdí nìyẹn tí ohùn wọn kò fi mọ bí a ṣe ń rẹlẹ̀. Òkú kì í dìde jiyàn, àmọ́ a kò ní torí ìyẹn purọ́ mọ́ wọn: màmá kò ní sùúrù. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ọlọ́kàn pẹ̀lẹ́, kó lọ sí ìsìnkú ẹlòmíràn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní 1957. Wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní 1972, wọ́n sì tẹ̀ síwájú sí yunifásítì, níbi tí wọ́n ti kọ́ nípa ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì, ibi tó ti wá àti ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní 1978 ni wọ́n gba iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ọdún yẹn náà ni pátákó ìkọ̀wé kíláàsì wọn já lulẹ̀, tí wọ́n pe káfíńtà. Bí káfíńtà ti ń kan pátákó lọ́wọ́, màmá ń kọ́ni lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mi orí bí alángbá. Káfíńtà fi òòlù sílẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o, èmi ò gbọ́ nǹkan kan." Màmá tún un sọ. Ó ní, "Kò tíì yé mi." Màmá wá yíjú sí kíláàsì pé kí ẹnì kan dìde là á yé e. Kò sẹ́ni tó lè là á. Orí lásán ni gbogbo wọn ń mì! Ní 1980, màmá àti káfíńtà náà ṣe ìgbéyàwó. Òun ni bàbá wa.

Láti ọjọ́ pátákó yẹn ni àṣà màmá ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan àga kan tó ní apá, màmá gbé e sí iwájú kíláàsì, ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ náà ló ń jókòó síbẹ̀: asè-oúnjẹ, aṣọ́gbà, alágbàfọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró láìmú ìwé dání, á sọ iṣẹ́ tó ṣe. Ẹnì kan á sọ bí àwọn ẹ̀yà tó la òkun kọjá ṣe gbé èdè Gẹ̀ẹ́sì dé erékùṣù náà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹlòmíràn á sọ bí àwọn tó ti ilẹ̀ Faransé wá ṣe gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì di èdè àgbẹ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ó bá yé ẹni orí àga, á lu apá àga. Bí kò bá yé e, ọ̀rẹ́, máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ló sọ wọ́n ní Màmá Dúró-Sọ-Ọ́.

Lọ́dún kan, inú bí asè-oúnjẹ lórí àga. Ó ní, "Wọ́n gba ilẹ̀ wọn, wọ́n tún ní èdè wọn ò dáa? Ta ló wá gbà wọ́n sílẹ̀?" Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó dúró ní, "Mà, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n. Wọ́n ṣáà ń fi bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé ni." Asè-oúnjẹ lu àga gbàmù. Màmá gbé ìdáhùn yẹn wá sílé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yìí láàárọ̀, kó má retí tíì.

Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ìlà iwájú ni wọ́n sì ń jókòó. Bí ìwàásù bá lọ́jú pọ̀, wọ́n á dúró de pásítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Pásítọ̀, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lónìí?" Pásítọ̀ ń bẹ níbí, kó wí bóyá a purọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà àdúgbò ní ìwé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2011, bàbá sì dágbére fáyé ní 2015, síbẹ̀ màmá kò fi àga sílẹ̀, wọ́n ṣì ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ gbọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọ̀gá àgbà tuntun tó dé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí wọ́n pa àṣà náà rẹ́, pé ìdánwò orí ìwé yá ju dídúró sọ̀rọ̀ lọ. Àìsàn ọ̀fun sì ti gba ohùn màmá. Ẹni tó ti ń fi ẹnu jà láti kékeré, ẹnu ló kọ́kọ́ sá fi í sílẹ̀! Wọ́n juwọ́ sí wa pé kí a gbé àga wá sí pálọ̀, kí a pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí a sì pe ọ̀gá àgbà.

Ọ̀gá wá, màmá nàka sí àga. Ọ̀mọ̀wé ìṣirò ni, ṣùgbọ́n lórí àga yẹn, òpè bíi tiwa ni. Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sọ tirẹ̀ wàràwàrà tán. Ọ̀gá kò lu àga. Màmá yí ìka wọn po: tún un sọ. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká ní àlejò kan gba ilé yín lọ́la, tó ní òun ò fẹ́ gbọ́ èdè yín ní pálọ̀. Èdè wo lẹ máa sọ ní kíṣìnnì?" Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó lu apá àga tó fi sán. Kò dìde títí gbogbo wọn fi sọ tiwọn. Ó wá kọjú sí màmá, ó ní, "Màmá, ẹ̀kọ́ yìí kò ní parẹ́ níṣojú mi." Màmá rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sùn, tí wọn kò jí mọ́, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Ọmọ mẹ́ta ló gbẹ̀yìn wọn: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, àti àbíkẹ́yìn tó jogún òòlù bàbá. Ọmọ-ọmọ mẹ́fà, àbúrò ọkùnrin kan, àti ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n dá padà jókòó tó tún dìde sọ ọ́ tún wà pẹ̀lú.

Màmá, àbíkẹ́yìn yín ti tún apá àga tó sán ṣe. Àga náà ti padà sí iwájú kíláàsì, àwọn ọmọ sì ti ń tò láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ti dúró tó. Ẹ jókòó, ẹ sinmi ẹnu, kí Olúwa fi yín sí ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń yéni. Ẹ sùn re o.