Bí A Ṣe Pín Ọkọ̀ Ojú Irin Bàbá Rẹ

Moyọ̀sọ́lá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Yábàá? Ṣé òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́? Ọlọ́run tó ń pa wá mọ́ látìgbà tí bàbá rẹ ti lọ kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Ara mi le, ewúrẹ́ bí méjì, àga bàbá rẹ ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí.

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ nípa ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kékeré tí bàbá rẹ gbé wálé láti Òtò nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. O ní kí n yí ikùn rẹ̀ sókè kí n wá nọ́mbà tó wà níbẹ̀, ká lè mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Mo rí nọ́mbà náà, mo sì pè é. Obìnrin kan fi òyìnbó dá mi lóhùn, mo kí i títí, ohun kan náà ló ń tún sọ, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Bóyá ọ̀fọ̀ ṣẹ òun náà. O ní kí n má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n má kùn ún lọ́dà, kí n má sá a sóòrùn. Ìró mi àtijọ́ ni mo fi ń nù ún.

Àmọ́ nígbà tí o sọ pé ó ti di ogún rẹ, gbogbo ilé ló gbọ́ ohùn rẹ, torí n kò mọ bí a ṣe ń rẹ ohùn fóònù yìí sílẹ̀. Ni Àkàngbé, bàbá yín kékeré, bá pèpàdé ẹbí. Wọ́n ní ìyàwó mẹ́ta ni olóògbé fi sílẹ̀, ọkọ̀ náà ní orí kan tó ń wọ́ ọ àti kóòṣì méjì tó ń tẹ̀lé e, kí la tún ń rò? Ìdí igi la fi ń pín ogún nílé yìí. Èmi ìyáálé gba orí, Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì gba kóòṣì kan, Mabel ìyàwó kékeré gba èkejì. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí i bí aago kó tó rìn, Àkàngbé fi sápò. Wọ́n ní ẹni tó pín ogún kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

Àfi bí o ṣe tún pè pé ọkùnrin kan ní Pápá Àjàó tó mọyì irú rẹ̀ yóò rà á bó bá pé, pé bí kò bá pé, páànù lásán ni. Mo lọ bẹ àwọn orogún mi. Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì kọ̀; látìgbà ìsìnkú la kò ti kíra wa. Mabel sunkún, ó ní òun kò ní ohun mìíràn tí ọwọ́ ọkọ wa kàn. Mo ní kí wọ́n má fún mi, kí kálukú ṣáà gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìsinmi.

Wọ́n wá. A so ó pọ̀, Àkàngbé yí kọ́kọ́rọ́. Ọmọ mi, ó rìn! Láti ẹnu ọ̀nà, ó wọ abẹ́ àga bàbá rẹ, ó sì dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ fà á jáde, Mabel ní, ẹ jọ̀ọ́ ìyáálé, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin rèé tí gbogbo wọn ń wá. Torí náà, sọ fún ọkùnrin yẹn pé ọkọ̀ wa pé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni. Bó bá fẹ́ rà á ní pípé, àfi kó kó gbogbo wa lọ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, bisikíìtì tí àlejò ń jẹ àti mọ́ọ̀tì tí wọ́n ń mu ti pọ̀ jù fún mi. Fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ìgò kan kún un, orí ọkọ̀ ti ń dún kín-ín-kín-ín.

Ibikíbi tí o bá forí lé, wàá gúnlẹ̀ láyọ̀. Ohun tó so ọ́ mọ́ ilé kò ní já.

Èmi ni ìyá rẹ, tí orí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.