Ohun Tí Mo Kọ̀ fún Lorne

Olóòtú ètò rédíò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Èmi ni ọ̀gá àwọn márùn-ún kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ní Winnipeg, ní Kánádà. Ìlànà iṣẹ́ wa tí wọ́n ń pè ní Ájáìlì ní ká máa dúró yíká láràárọ̀, kí kálukú ròyìn iṣẹ́ rẹ̀. Akólòlò ni Lorne, ọ̀kan nínú wọn. Ó bẹ̀ mí: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n máa kọ tèmi sílẹ̀."

Mo ní bí ìlànà ṣe wí la ó ṣe.

Àwọn yòókù ń bá a parí ọ̀rọ̀, títí ó fi fiṣẹ́ sílẹ̀. Nísinsìnyí gbogbo wa ló ń kọ ìròyìn náà sílẹ̀, iṣẹ́ sì ń yá.

Mo pè é láti bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mi ò bínú, ọ̀gá. Mi ò kàn lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn mọ́ ni."

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?