Ìwé Tí Mubaraq Kọ́kọ́ Kà

                                        Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán,
                                        Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹfà, 2024.

Oyèdèjì, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi Ìyá Tómisìn sílẹ̀? Òjò ọjọ́ Ẹtì kò jẹ́ kí n sùn. Mo ń rò ó pé ó ti ṣí òrùlé yín. Àwa wà dáadáa, àfi ẹ̀jẹ̀ ríru mi tí kò gbà bẹ́ẹ̀.

Dírẹ́bà gbé ìwé tí o fi ránṣẹ́ dé lánàá, ìtàn ìgbésí ayé òǹkọ̀wé ọmọ Ìrẹsà. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. O mọ̀ pé kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó kí n gbọ́ pé ẹni tí mo ti ń ka ìwé rẹ̀ láti kékeré máa ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí epo àtùpà. Àyẹ̀wò ìwé náà tí o gé nínú ìwé ìròyìn dùn pẹ̀lú, bí ẹni tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ ṣàánú òkú.

Mo dé ibi tí òǹkọ̀wé náà ti pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tì, tó ń kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ han ẹlòmíì, tí ọ̀rẹ́ náà sì bínú jókòó sílé títí ikú fi yà wọ́n. Ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ìwé pé: "Kí ló ń ṣe nílé? Ṣé ó yarọ ni, tí kò lè rìn lọ bá a?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Rúùtù, wá wo ọgbọ́n Dèjì!"

Àṣé mi ò tíì wo ẹ̀yìn ìwé. O mọ àṣà wa: ẹni tó bá kà á tán ni yóò kọ orúkọ síbẹ̀, ìwọ àti èmi nìkan. Mo rí Mubaraq lókè orúkọ rẹ! Ọwọ́ tó kọ ọ́ náà ló kọ ọ̀rọ̀ etí ìwé yẹn. Tísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò yín, tí o ní ó kàn ń yà kí ọ. Ṣé ìkíni ni wọ́n fi ń ka odidi ìwé?

Mi ò lè jẹun. Rúùtù ní, "Bàbá Ànúolúwa, ṣé ìyàwó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ni?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa jowú lọ, ẹ̀bà yín ti ń tutù."

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa méjì ti ju àádọ́ta lọ. Nínú àwọn tí a jọ ń kàwé, ìwọ nìkan ló kù fún mi. Bí o bá ti rí ẹlòmíì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún mọ́gbọ́n wá ju tèmi lọ, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé?

Mo fẹ́ bínú jókòó sílé bíi tọkùnrin inú ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí Mubaraq kọ kò jẹ́ kí n lè jókòó. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, bí taya ò bá bẹ́ lọ́nà. Ní kí òun náà wá. Ṣùgbọ́n àga tó sún mọ́ ọ, èmi ni n ó jókòó síbẹ̀.

Kí Ìyá Tómisìn fún mi. Kí Mubaraq náà, àmọ́ má kí i jù.

Èmi tí mo mọ̀ ọ́ ṣáájú rẹ̀,
Ọlọ́runnísọ̀lá.