Àmín fún Àwọn Ọmọ Ogun Òfurufú

                                        Nọ́mbà 48, Bramalea,
                                        Ẹ̀bá Toronto, Canada.
                                        15 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Morufat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Alhaji ọkọ rẹ ńkọ́? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Ara tèmi le, àmọ́ àárò yín ń sọ mí. Láti ìgbà tí Fareedah tí a jọ ń gbé ti kó lọ sí Vaughan, èmi àti fìríìjì nìkan là ń bára wa sọ̀rọ̀.

Bàbá òyìnbó kan wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Mísítà Doyle, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Nígbà ogun Hítílà, wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú tiwọn láti ibí lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn méje ló ń wọ ọkọ̀ kan, òru ni wọ́n ń gbé bọ́ǹbù jáde. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àga á ṣófo nídìí oúnjẹ. Nígbà tí ogun parí, wọ́n tú ẹgbẹ́ ká. Àwọn tó ṣẹ́ kù wá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé gbogbo Jímọ̀ làwọn yóò máa ka orúkọ àwọn tí kò padà. Bàbá nìkan ló kù báyìí, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá dákẹ́, àwọn orúkọ náà dákẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí Bàbá ń ka orúkọ wọn nínú ìwé kan, mo ṣèèṣì rò pé àdúà ni. Ni mo bá ń ṣe "Àmín" lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan bíi pé ilé kéú la wà. Bàbá gbójú sókè, ó wò mí. Ó ní kò sẹ́ni tó dáhùn mọ́ látìgbà tí ọ̀rẹ́ òun ìkẹyìn ti kú, pé kí n tún un ṣe. Bá a ṣe sọ ọ́ di àṣà nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn rẹ̀. Jímọ̀ méjì kọjá, a ò kà á. Bàbá kàn ń nàka sí ìwé náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lónìí, mo ti ìrun Jímọ̀ dé, mo mú ìwé náà, mo fi ahọ́n Ìbàdàn ba orúkọ òyìnbó jẹ́ tìlù-tìfọn. Mo ka àkọ́kọ́, mo dúró. Ètè Bàbá mì. Kò sí ohùn ńbẹ̀, ṣùgbọ́n Àmín ni. Orúkọ mẹ́tàlélógójì, kò fo ọ̀kan.

Morufat, mo sunkún. Láti ìgbà tí Fareedah ti lọ, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Kàfáyàtù mọ́ ní ìlú yìí. "Dear" ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́.

Bá mi kí Alhaji àtàwọn ọmọ. Tí o bá ka ìwé yìí tán, jọ̀ọ́, pe orúkọ mi sókè létí Màmá, kí wọ́n bá mi ṣe Àmín.

Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,
Kàfáyàtù.